Ilẹ̀ Pákó Tí Màámi Bá Wa Tò

Nígbà tí màámi yọ̀ ṣubú nínú pálọ̀ wa, egungun wọn kò ṣẹ́, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Dókítà ya fọ́tò ìbàdí wọn, ó ní kò sí ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀, kí wọ́n kàn máa rìn díẹ̀díẹ̀ kí ara lè nà. Ara nà lóòótọ́. Ọkàn ni kò nà. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù táìlì ti ń bà wọ́n bí ẹni pé ejò ló ká sí i. Tí wọ́n bá fẹ́ lọ sí balùwẹ̀, ọwọ́ kan á wà lára ògiri, ọwọ́ kejì á di èjìká mi mú, ìgbésẹ̀ wọn á sì kéré bí ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Tí wọ́n bá ti jókòó sórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó tán, ibẹ̀ ni wọn yóò wà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Obìnrin tí mò ń sọ yìí kì í ṣe ẹni tí ń jókòó. Iṣẹ́ aró ni wọ́n fi tọ́ wa. Ní Ìtòkú, láàárín ìkòkò aró àti okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí, ni mo ti mọ̀ wọ́n: ẹsẹ̀ lásán, èékánná dúdú, ohùn tó lè pe ènìyàn láti òpin ọjà. Nígbà tí bàbá wa kú, tí orúnkún wọn kò sì gba ìdúró lẹ́bàá ìkòkò mọ́, ni mo mú wọn wá sí ilé wa ní ọ̀nà Odẹ́dá, èmi sì ń bá wọn ta àdìrẹ ní ṣọ́ọ̀bù wọn. Àwọn ọmọ wa ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ó ku èmi, ọkọ mi àti màámi nínú ilé.

Ọkọ mi kọ́kọ́ ra kápẹ́ẹ̀tì. Ó tẹ́ ẹ láti ògiri dé ògiri, ó ní, "Màmá, ẹ máa rìn fàlàlà, kò lè yọ̀ mọ́." Wọ́n rìn díẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n títì wa kò ní ọ̀dà, eruku pupa ló ń bá wa gbé. Nígbà tí ọyẹ́ dé, kápẹ́ẹ̀tì gba gbogbo eruku yẹn sára, màámi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Omi àlùwàlá tí ń kán sí i lójoojúmọ́ tún fún un ní òórùn kan tí ọṣẹ kò lè lé. A ká a kúrò. Táìlì tún yọjú, màámi padà sórí àga.

Ọjọ́ kan ni mo gbé aṣọ lọ fún oníbàárà mi kan ní Ìbarà. Mo bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, mo tẹ ilẹ̀ pálọ̀ rẹ̀, mo dúró gbọin. Ilẹ̀ náà kò tutù. Ó rí bí igi, ó sì rọrùn fún ẹsẹ̀. Mo rìn lọ, mo rìn bọ̀, mo fi àtẹ́lẹsẹ̀ ra á. Oníbàárà mi dúró, ó ń wò mí.

"Àǹtí, ṣé kò sí?"

"Kí lẹ tẹ́ sílẹ̀ yìí?"

"Lámínéètì ni."

Ó ṣàlàyé fún mi pé kì í ṣe pákó gidi. Ìyẹ̀fun igi ni wọ́n tẹ̀ pọ̀ títí tó fi le, wọ́n wá lẹ àwòrán igi mọ́ ọn lójú, wọ́n sì fi ohun kan tó le bò ó lórí kó má baà tètè họ. Ẹnu pákó kan ń wọnú ẹnu èkejì ni, kò nílò ìṣó, kò nílò gọ́ọ̀mù. Díẹ̀ ló kù kí n gbé aṣọ rẹ̀ padà lọ sílé, inú mi ti dùn jù. Kí n tó dé ẹnu géètì ni mo ti pe ọkọ mi lórí fóònù.

"Ẹ má ra nǹkan kan sí ilé yẹn mọ́ o! Mo ti rí i!"

"Kí lo rí?"

"Ilẹ̀!"

Ó bi mí bóyá oòrùn ti pa mí jù.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, a lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Pánṣẹ́kẹ́ tí wọ́n ti ń tà á. Mo ti rò pé oríṣi kan ṣoṣo ló wà. Àṣé ó pọ̀ bí àdìrẹ: èyí tó pupa, èyí tó dúdú, èyí tó dà bí eérú, èyí tó ń dán tí ènìyàn lè fi wo ojú. Èyí tó ń dán jù ni ọkùnrin tó ń tà á gbé síwájú wa, ó ní òun ni gbogbo ayé ń rà. Mo bọ́ bàtà, mo ní kó bá mi bu omi sínú ife.

"Alhaja, ṣé àlùwàlá lẹ fẹ́ ṣe ni?"

"Rárá o. Ìyá mi ló máa rìn lórí ẹ̀. Ẹsẹ̀ tó ṣì tutù láti ibi àlùwàlá ni wọ́n sì máa fi tẹ̀ ẹ́."

Mo wọ́n omi sórí èyí tó ń dán, mo tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ mi lọ fìì. Ọkọ mi ló gbá mi mú. A gbìyànjú òmíràn, òun náà ń yọ̀. A ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí a fi kan ọ̀kan tí ojú rẹ̀ kò jọ̀lọ̀, tí ènìyàn lè fi ìka tẹ̀ lé ìlà igi tó wà lára rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí ẹ̀pà sísun. Mo wọ́n omi sí i, mo tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ mi dúró. Mo tún un ṣe, ó tún dúró. Mo bú sẹ́rìn-ín nínú ṣọ́ọ̀bù olóṣọ́ọ̀bù. Ọkọ mi fi kọ́kọ́rọ́ ha á, kò họ. Ó tún ní kí wọ́n fún wa ní èyí tó nípọn nínú rẹ̀, nítorí èyí tó fẹ́lẹ́ ń dún bí páálí tí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin náà fi fóòmù pẹlẹbẹ kún un fún wa, èyí tí a ó kọ́kọ́ tẹ́ sábẹ́. Ó ní táìlì wa kò ní ṣe ohunkóhun tó bá ṣáà ti tẹ́jú, orí rẹ̀ gan-an ni ká tò ó lé. Ó ní ká jẹ́ kí ẹrù náà wà nínú pálọ̀ fún ọjọ́ méjì ká tó tú u, kí afẹ́fẹ́ ilé wa lè mọ́ pákó lára.

Ọjọ́ méjì yẹn gùn! Gbogbo ìgbà ni mò ń lọ wo àwọn páálí yẹn bí ẹni tó ń lọ wo ọmọ tuntun. Màámi ń wò mí láti orí àga.

"Kí ló wà nínú páálí yìí tí kò jẹ́ kí o jókòó?"

"Ilẹ̀ yín ni, Màámi."

"Ilẹ̀ nínú páálí?" Wọ́n mi orí. "Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ó ra afẹ́fẹ́ nínú ìgò."

Ọkọ mi fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́. Òun ló kan kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná wa, kò sì tíì wó. Ó ní a kò nílò kápẹ́ńtà. A gbé àga màámi sí ẹnu ọ̀nà yàrá wọn kí wọ́n lè máa wò wá, a gbá táìlì mọ́ tónítóní, a tẹ́ fóòmù, a mú pákó. Mo di ìdí rẹ̀ mú, ọkọ mi fi ẹnu rẹ̀ sínú ẹnu èkejì, ó tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ó dún kà! Àwa méjèèjì wo ara wa. A mú òmíràn. Kà! Mo pariwo. Ẹni tó bá gbọ́ ariwo mi láti ìta á rò pé a bí ìbejì nínú ilé ni.

A ti ń sáré lọ, a ti wà ní ìlà kẹta, nígbà tí màámi sọ̀rọ̀ láti orí àga wọn.

"Ẹ dúró ná."

A dúró.

"Èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sílẹ̀ yẹn, ìkejì rẹ̀ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀."

Ọkọ mi ní, "Màmá, igi ni gbogbo ẹ̀."

"Kì í ṣe igi. Àwòrán ni. Ẹ wo àmì tó dà bí ẹyin ẹyẹ yẹn. Òun náà rè é lára èyí. Bátànì kan náà ni wọ́n ń tẹ̀ léra."

A bẹ̀rẹ̀, a wò ó. Òótọ́ ni. Ẹyin ẹyẹ méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n ń wò wá bí ojú ènìyàn.

"Tí ẹ bá tò ó báyìí, ojú á máa gbé e. Ẹ tú gbogbo páálí, ẹ da pákó pọ̀. Ẹ gbé ọ̀kan síbí, ẹ gbé ìkejì rẹ̀ lọ síbi tó jìnnà. Bí a ṣe ń ṣe aṣọ náà nìyẹn."

A tú páálí, a da pákó pọ̀. Mo mú ọ̀kan, wọ́n ní rárá. Mo mú òmíràn, wọ́n ní kí n yí orí rẹ̀ padà. Wọ́n ń nawọ́ láti orí àga, n kò mọ ibi tí wọ́n ń nà án sí, mò ń gbé pákó sọ́tùn-ún sósì, inú sì ń bí wọn. "Kì í ṣe ibẹ̀! Ẹ̀yìn rẹ̀! Ọmọ yìí, ṣé o ò gbọ́ ni?" Nígbà tó yá, mo rí ẹsẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ mi, ẹsẹ̀ dúdú tó ti sán ní gìgísẹ̀.

"Níbí," ohùn màámi wí lókè orí mi. "Níbí ni mo ní kí o gbé e sí."

N kò gbé orí sókè. Ẹ̀rù ń bà mí pé tí mo bá wò wọ́n, wọ́n á rántí. Mo wo ọkọ mi. Hámà tó fi ń gbá ẹnu pákó wọlé wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Màámi wà láàárín ibi tí a ti tò, kò sí ògiri nítòsí, kò sí èjìká ẹnikẹ́ni. Wọ́n kọjá lára mi, wọ́n fi ẹsẹ̀ tọ́ka sí pákó mìíràn, wọ́n yíjú padà.

"Kí lẹ ń wò?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá," ni ọkọ mi dáhùn.

Wọ́n wo ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n wo àga wọn lọ́ọ̀ọ́kán. Mo fò dìde kí n lè dì wọ́n mú, wọ́n gbá ọwọ́ mi dànù. Wọ́n tẹ pákó náà, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń wò ó bóyá aṣọ ti gbẹ.

"Kò tutù," ni wọ́n wí. "Alihamudulilahi. Kò tutù, kò sì yọ̀." Wọ́n wá jágbe mọ́ wa: "Ẹ ṣiṣẹ́ jàre! Ṣé bí a ó ṣe máa wo ara wa nìyí?"

Mo fi ìborùn nu ojú, mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń gbé pákó. Kí oòrùn tó wọ̀, a ti dé ògiri kejì. Màámi kí ìrun ìrọ̀lẹ́ wọn ní àárín pálọ̀ gan-an, wọn kò lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri.

Ìgbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀rù tún bà mí. Mò ń gbálẹ̀ lówùúrọ̀ kan, ìgbálẹ̀ mi kọ́ ohun kan. Àárín pálọ̀ ti wú, ó ga sókè bí ikùn aboyún. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́, á lọ sílẹ̀. Tí mo bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, á tún dìde. Màámi ni mò ń rò: tí wọ́n bá fi ẹsẹ̀ kọ ibi yìí, àga ni wọ́n ń padà sí. Mo sáré gbé tábìlì kékeré kan lé e lórí. Màámi jáde láti yàrá, wọ́n wo tábìlì tó ṣàdédé dúró láàárín ilé.

"Kí lo gbé tábìlì bò?"

Mo gbé tábìlì kúrò kí wọ́n lè rí i, ọkọ mi sì pe ọkùnrin tó tà á fún wa. Ìbéèrè kan ló bi í: "Ṣé ẹ fi àyè sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ ògiri?" A kò fi àyè kankan sílẹ̀. A ti gbá gbogbo rẹ̀ mọ́ ògiri pinpin, a rò pé iṣẹ́ tó mọ́ nìyẹn. Ó ní tí afẹ́fẹ́ òjò bá dé, pákó náà á fẹ̀ díẹ̀, tí kò bá sì rí ẹ̀gbẹ́ gbà, òkè ni yóò gbà. Ó yẹ kí àyè tó tó ìbú ìka kan wà yí ilé ká, pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń kàn mọ́ ẹsẹ̀ ògiri á sì bò ó.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà yóò ba màámi nínú jẹ́. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. "Aṣọ ń súnkì, pákó ń fẹ̀. Kí ló wá burú? Ẹ tú u." Ohun tó wù mí jù nínú ilẹ̀ yìí nìyẹn, ó ṣeé tú. A yọ pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ti kàn mọ́ ẹsẹ̀ ògiri, a gbé àwọn ìlà ẹ̀gbẹ́ ògiri kúrò. Màámi ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sẹ́yìn wọn kí a má baà ṣì wọ́n tò, ọkọ mi ń fi ayùn gé etí wọn. Bí a ṣe dá wọn padà, ikùn aboyún náà lọ sílẹ̀ lójú wa, ó dún díẹ̀ bí ẹni tó mí kanlẹ̀. Màámi rìn kọjá lórí rẹ̀, wọ́n yí padà, wọ́n tún rìn kọjá. Wọ́n pàtẹ́wọ́, àwa náà pàtẹ́wọ́.

Láti ìgbà náà, ìtọ́jú rẹ̀ di iṣẹ́ wọn. A kọ́kọ́ jà díẹ̀. Gbogbo ayé wọn, garawa omi àti ọṣẹ ni wọ́n fi ń fọ ilẹ̀. Mo bá wọn tí wọ́n ti pọn omi sílẹ̀, mo sáré gbà á.

"Ṣé kí ilé wá dọ̀tí ni?"

Mo fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn wọ́n: ìgbálẹ̀ rírọ̀ lójoojúmọ́ kí iyanrìn má baà ha á, lẹ́yìn náà aṣọ tí a ti fún dáadáa, kó kàn lómi fẹ́rẹ́. Wọ́n gba aṣọ náà lọ́wọ́ mi, wọ́n fún un, omi tún ń jáde nínú èyí tí mo rò pé mo ti fún tán. Wọ́n wò mí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í nu ilẹ̀.

Wọ́n tẹ́ tówẹ̀lì sí ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀. Ẹni tó bá ṣe àlùwàlá gbọ́dọ̀ nu ẹsẹ̀ kó tó wọ pálọ̀, wọn kò yọ ọkọ mi sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí i pé ẹsẹ̀ àga ń ha pákó, wọ́n gé àjákù àdìrẹ, wọ́n rán ìbọ̀sẹ̀ kéékèèké sí ẹsẹ̀ gbogbo àga. Àga wa ń wọ ìbọ̀sẹ̀! Ọkọ mi ní kò sí ilé tí àga ti múra tó báyìí ní gbogbo Abẹ́òkúta.

Àbúrò màámi obìnrin wá kí wa láti Kemta. Ó rin pálọ̀ yí ká, ó ní òun náà ń fẹ́ irú rẹ̀.

"Ta ló bá yín tò ó?"

"Èmi ni," ni màámi wí.

Ọkọ mi wò mí, mo wò ó.

Ní òwúrọ̀ tí a fẹ́ lọ bá a tò ó ní Kemta, mo ṣì ń wá ìborùn mi nígbà tí mo gbọ́ fèrè ọkọ̀ níta. Mo rò pé ọkọ mi ló ń kánjú. Mo yọjú lójú fèrèsé: ọkọ mi ṣì ń gbé ayùn sẹ́yìn ọkọ̀. Màámi ló jókòó síwájú, wọ́n nawọ́ sí fèrè, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́.