Ọkọ̀ Tí Kò Nílẹ̀kùn

Baba Dẹ́rẹ́bà gbé ọkọ̀ ológun tó fi pákó gbẹ́ wá sípàdé ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbẹ́ ọkọ̀ kéékèèké. Alága, ọmọ àná tí kò gbé ìbọn rí, ṣí ìwé àwòrán ọkọ̀ ológun rẹ̀.

"Baba, ẹ ti gbàgbé ilẹ̀kùn. Ẹ lọ fi sí i."

Ojú tó ti rókun ò ní rọ́sà kó bẹ̀rù. "Mi ò ní fi sí i! Irú ọkọ̀ yìí ni mo wà lójú ogun. Àwa fúnra wa la tú ilẹ̀kùn dànù, ká lè tètè bẹ́ sílẹ̀ tí ìbọn bá dún."

Sájẹ́ǹtì kan nínú ẹgbẹ́ náà, tí òun àti Baba jọ jagun, bá fọwọ́ já ilẹ̀kùn ọkọ̀ onípákó tirẹ̀ náà.

"Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn wà nínú ìwé," ni alága wí.

"Àwọn tí ọkọ̀ wọn nílẹ̀kùn ò padà wálé," ni Baba Dẹ́rẹ́bà fèsì. " Kọ ìyẹn náà sínú ìwé rẹ!"