Ẹní Tútù, Ọ̀fun Gbígbẹ

Ọ̀pọ̀lọ́ náà tutù bí omi àmù nígbà tí wọ́n so ó mọ́ mi níbàdí. Ìyá àgbà fúnra wọn ni wọ́n ta okùn rẹ̀ ní kókó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ká ẹní tútù lé mi lórí, wọ́n ní kí n máa yí agbo ilé ká. Àwọn ọmọ ilé tò sẹ́yìn mi, wọ́n ń pàtẹ́wọ́: "Atọ̀ọ́lé rèé, ẹ wá wò ó." Ọ̀pọ̀lọ́ ń jà, ẹ̀rù bà á, ó sì tọ̀ sí mi lára. Ìyá àgbà wo omi tó ń ṣàn sí mi lẹ́sẹ̀.

"Ẹ ò rí i? Kò tilẹ̀ tíì tọ̀ ọ́ tán."

Ìyá tó bí bàbá mi ni wọ́n. Abúlé wa wà ní ìhà Ẹ̀gbẹ́dá. Bàbá mi wà lójú ogun, ìyá mi sì ń tọ́ ìkókó lọ́wọ́, nítorí náà ọ̀dọ̀ Ìyá àgbà ni mò ń sùn, lórí ẹní kan náà pẹ̀lú wọn. Títí di òní ni àwọn ará ilé wa ń yin obìnrin náà. Wọ́n ní kò sí ẹni tó mọ ẹran sìn tó wọn. N kò jiyàn. Láràárọ̀ ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ síbi tí ewúrẹ́ sùn, nínú òórùn kíkan yẹn, tí wọ́n á máa fi igi tú ìgbẹ́ ẹran wò. Bí ó bá gbẹ jù, tàbí tí ìtọ̀ ẹran bá pọ́n bí omi àgbo, wọ́n á pè mí.

"Òǹgbẹ ń gbẹ ẹran yìí. Sáré lọ pọnmi wá."

Èmi ni mò ń ru omi náà láti odò. Èmi náà ni mò ń dúró tì í bí ewúrẹ́ ti ń mu ún gbùgbùgbù, tí n kò sì gbọdọ̀ fẹnu kàn án, nítorí pé bí oòrùn bá ti yẹ àtàrí, omi ti di èèwọ̀ fún mi nìyẹn. Bí mo bá bẹ̀bẹ̀, Ìyá àgbà á nawọ́ sí adìẹ tó ń mu omi ní ìdí àmù.

"Wo adìẹ. Ó ń mu, ta ló rí ìtọ̀ rẹ̀ rí? Bí adìẹ bá lè kó ara rẹ̀ níjàánu, kí ló ń ṣe ìwọ?"

"Ìyá, ọ̀fun mi gbẹ."

"Ẹní mi kò gbẹ."

Ètè mi bó. Ìtọ̀ tí mò ń tọ̀ kò ju ẹ̀kán díẹ̀ lọ, ó ń rùn, ó sì ń ta mí bí ata. Síbẹ̀, bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹní á tutù rinrin. Ká ní ewúrẹ́ ni mí, Ìyá àgbà ìbá ti béèrè ibi tí omi ti ń wá sínú ẹran tí kò mu omi.

Ní ọjọ́ kan, ìyá mi mú mi dání lọ sí ìkómọ ní abúlé àwọn òbí wọn. A sùn síbẹ̀. Ẹní tí mo sùn lé gbẹ nígbà tí mo jí. Nígbà tí a padà délé ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹní Ìyá àgbà ni a kọ́kọ́ rí lórí ọgbà, tí wọ́n sá a. Àwọn ewúrẹ́ rọ̀gbà yí i ká, wọ́n ń lá a nítorí iyọ̀ ara rẹ̀.

Ìyá mi dúró, ìkókó ṣì wà lẹ́yìn wọn. "Ẹ ǹlẹ́ o, Ìyá. Ta ló wá tọ̀ sórí ẹní lónìí?"

"Ewúrẹ́ ni."

"Ewúrẹ́ ti ń bá yín sùn, Ìyá?"

Ìyàwó ilé kan tó ń dáná nítòsí bú sẹ́rìn-ín, ó sì yára sọ ọ́ di ikọ́.

"Ṣé ẹní mi ni ọkọ rẹ fi ọ́ ṣọ́ kó tó lọ sógun?"

Ìyá mi kọjá sí ìdí àmù. Wọ́n ṣí i, wọ́n bu omi kún igbá, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́ lójú Ìyá àgbà. "Mu." Mo mu ún títí ikùn mi fi le.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sùn lọ́dọ̀ ìyá mi. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó yí agbo ilé ká láti sọ pé èmi kọ́. Orúkọ atọ̀ọ́lé tẹ̀ lé mi dé ilé ẹ̀kọ́ àwọn òyìnbó oníwàásù ní Ìbàdàn. Ní ọjọ́ ìgbéyàwó mi, ìbátan wa kan ṣì gba àwọn ará ilé ọkọ mi níyànjú pé kí wọ́n ra ẹní púpọ̀.

Ọdún ti pẹ́ kí n tó kà á nínú ìwé pé adìẹ ń tọ̀. Funfun tó máa ń wà lórí ìgbẹ́ rẹ̀ yẹn, ìtọ̀ rẹ̀ ni. Ó kàn ń dà á pọ̀ mọ́ nǹkan mìíràn ni. Mo pa ìwé náà dé, inú sì bí mi títí di alẹ́. Ìyá àgbà náà ń tọ̀; èmi ni wọ́n ń dà á pọ̀ mọ́.

Mo ti dàgbà ju bí Ìyá àgbà ti dàgbà lọ nígbà náà. Ara mi kò gba omi dúró mọ́, ọmọ ọmọ mi sì ń sùn tì mí. Ní àárọ̀ tí ẹní bá tutù, èmi ni mo máa ń ká a, tí mo máa ń gbé e lérí ara mi lọ sínú oòrùn. Bí wọ́n bá bi mí pé ta ló tọ̀ ọ́, mo máa ń sọ pé èmi ni. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn. N kò mọ ohun tó le nínú rẹ̀ tí Ìyá àgbà kò fi lè sọ ọ́.