Lẹ́ńsì Bàbá Mi àti Arọ́pò Rẹ̀

Mi ò tíì dárí jì í, mi ò sì ní purọ́ pé mo ń gbìyànjú.

Ayàwòrán bíi tèmi ni, àgbà ni sí mi, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tèmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ gárééjì ní Ọ̀rẹ̀. Ó wá yá lẹ́ńsì bàbá mi, ó ní òun fẹ́ lọ ya ìsọmọlórúkọ ní Aráròmí-Obù. Lẹ́ńsì yẹn ni bàbá mi fi ya tọmọdé tàgbà ní Òdìgbó, òun nìkan náà ló fi sílẹ̀ fún mi nígbà tó kú.

Àkọ́ṣe ni. Àwọn tó ṣe é tún ṣe òmíràn lẹ́yìn ọdún díẹ̀, wọ́n kọ orúkọ kan náà sí i, dúdú ni méjèèjì, àmọ́ inú wọn ò dọ́gba. Irin pẹlẹbẹ mẹ́wàá ló ń pa ojú ti àkọ́kọ́ dé, ìmọ́lẹ̀ tó bá wà lẹ́yìn ẹni tí a ń yà yóò wá rí róbótó bí àkàrà. Mẹ́fà péré ni ti ìkẹyìn, igun mẹ́fà ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa ń ní. Ti àkọ́kọ́ máa ń fi ojú àánú wo èèyàn. Ti ìkẹyìn ò mọ àánú, gbogbo ihò ara ló máa ń kà.

Inú àpò awọ ló dá a padà sí. Mi ò ṣí i. Ta ní í yẹ ẹrù wò lójú àgbà? Ẹ̀kọ́ ilé tí wọ́n kọ́ mi ló fi mú mi. Lọ́jọ́ kẹta, mo ya obìnrin aláṣọ funfun kan lábẹ́ igi, ìmọ́lẹ̀ tó gba àárín ewé wọlé sì ní igun mẹ́fà. Mo sọdá lọ bá àgbà náà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

"Ohun tó o fún mi ni mo dá padà," ló wí. "Àbí orúkọ rẹ̀ kọ́ nìyí?"

Mi ò bá a jà. Mo ń kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀, mo sì ń ṣọ́ ọ. Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun. Nígbà tó yá, ó gbé àwòrán tuntun kan kọ́ síta, àkàrà wà lẹ́yìn rẹ̀ rẹpẹtẹ. Mo fi fóònù yà á, mo sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Nípàdé ẹgbẹ́ ayàwòrán, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán àtijọ́ tí bàbá mi yà àti èyí tí èmi yà lábẹ́ igi. Alága wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Lọ gbé lẹ́ńsì ọmọ yìí wá."

Ó gbé e wá. Wọ́n ní kí n dá tirẹ̀ náà padà. Mo ní mo gbà, àmọ́ kó kọ́kọ́ jókòó kí n yà á. Kò lè kọ̀ lójú ẹgbẹ́. Bí mo ṣe fi tirẹ̀ sójú kámẹ́rà tí mo gbé e sókè, ó rọra sọ pé, "Jọ̀ọ́, ti bàbá ẹ ni kó o fi yà mí." Inú mi dùn pé ó mọ̀.

Àwòrán náà ga tó ilẹ̀kùn, iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ló wà: òógùn, ihò imú, gbogbo kókó ojú rẹ̀. Àwọn awakọ̀ máa ń dúró fi ṣe yẹ̀yẹ́. Lánàá, ìyàwó rẹ̀ wá bẹ̀ mí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e kúrò. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ya ọkọ mi báyìí?"

"Ẹ má bínú, màmá," ni mo wí. "Lẹ́ńsì tí wọ́n fún mi ni mo fi yà wọ́n."