Ọjọ́ Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Kúnlẹ̀ ní Ilé Aṣòfin

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ rárá nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kan ilẹ̀kùn mi. Aago méjìlá ọ̀sán ni wọ́n pè wá sí o, kì í ṣe aago méjìlá òru! Mo ṣílẹ̀kùn, mo bá a nínú aṣọ funfun ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ tó gùn délẹ̀. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni, ẹ sì mọ̀ pé wọn kì í wọ bàtà sí aṣọ yẹn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ lásán nínú òtútù yìí? Ṣé ẹ fẹ́ kí ọlọ́pàá gbé wa ni?"

"Ibi àdúrà ni mo ti ń bọ̀. Màá pààrọ̀ aṣọ níbí. Ìwọ ṣáà tètè lọ wẹ̀."

Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú-Igbó tẹ́ ẹ máa ń sọ pé ńṣe là ń jayé ní Lọ́ńdọ̀n, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé wa jáde lọ́jọ́ náà. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Bọ̀dá Láyíwọlá, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi. Apá ọ̀tún rọ, ohùn sì lọ. Ọkùnrin tó jẹ́ pé bó bá ti ń ṣẹ̀fẹ̀, gbogbo ilé á máa di ikùn mú, ó wá di ẹni tó ń fi ojú sọ̀rọ̀. Ilé ìtọ́jú kékeré kan wà níbí ní Barking tí wọ́n ti ń kọ́ irú wọn ní ọ̀rọ̀ sísọ padà. Ibẹ̀ ni Bọ̀dá ti la ẹnu pe "Ìyá Dúpẹ́." Ẹ̀gbọ́n mi sunkún lọ́jọ́ yẹn títí ojú rẹ̀ fi wú. Àfi bí wọ́n ṣe ní àwọn máa ti ilé náà pa ní ìparí oṣù, pé owó ìjọba tó ń gbé e ró ti tán.

Ọlọ́run wá ṣe é, olórí ẹgbẹ́ alátakò wá kí àwọn ọlọ́jà ní ọjà East Street níbí. Ata ni ẹ̀gbọ́n mi lọ rà. Ó di ọwọ́ olóṣèlú náà mú, kò sì jù ú sílẹ̀ títí ó fi rojọ́ tán. Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n pè é lórí fóònù: ní Ọjọ́rú, ọjọ́ tí wọ́n máa ń bi olórí ìjọba ní ìbéèrè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nílé aṣòfin, olórí ẹgbẹ́ alátakò á bi í lórí ọ̀rọ̀ náà níṣojú gbogbo ayé. Wọ́n tún bá wa wá àyè ìjókòó níbẹ̀. Èmi tí mò ń se oúnjẹ nílé ìwé kan ní Whalebone, mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́, mo sì bá a lọ.

A gba àárín àdúgbò Gascoigne kọjá, níbi tí wọ́n ti ń wó àwọn ilé àtijọ́ tí wọ́n sì ń kọ́ tuntun. Òjò ń ṣẹ́ wẹliwẹli. Ní ibùdó rélùwéè, kò sí kọ̀ńdọ́ tí í pariwo. Káàdì báǹkì lèèyàn ń fi kan ẹ̀rọ, géètì á sì ṣí. Mo ra tíì méjì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó pọ́n-ùn mẹ́fà! Ẹ̀gbọ́n mi ò fẹnu kàn án. Ó ní ààwẹ̀ lòun gbà títí òun á fi gbọ́ ìdáhùn.

Nínú ọkọ̀, ó kí àwọn tó jókòó tì wá: "Gúùdù mọ́nìn o." Kò sẹ́ni tó gbójú sókè. Nílé wa, ẹni tá a kí tí kò dáhùn, ìjà ló ń wá. Níbí, fóònù ni wọ́n ń wò.

A dé Westminster. Wọ́n yẹ ara wa wò bíi pé a fẹ́ wọ bàálù. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù dúdú sọ òfin fún wa: ẹ má pàtẹ́wọ́, ẹ má pariwo, ẹ má dìde. Mo tún un sọ fún ẹ̀gbọ́n mi.

"Ṣé mo dití ni?"

Òkè ni wọ́n mú wa lọ. Gíláàsì ńlá dínà láàárín àwa àtàwọn aṣòfin, ẹ̀rọ tó wà lára ìjókòó la fi ń gbọ́ ohùn wọn. Ẹgbẹ́ méjì náà kọjú síra lórí àga aláwọ̀ ewé. Mo ti rò pé ọ̀rọ̀ àgbà là ń lọ gbọ́. Háà! Bí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀, àwọn tòdìkejì á máa hó lé e lórí, alága á sì máa kígbe pé "Ọ́dà! Ọ́dà!", ìyẹn ni pé kí wọ́n panu mọ́.

Ìbéèrè mẹ́fà ni olórí ẹgbẹ́ alátakò ní. Èkíní, owó orí. Èkejì, owó orí náà ni. Ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin, kò kàn wá. Nígbà tí ẹ̀karùn-ún náà lọ, ẹ̀gbọ́n mi ní, "Wọ́n ti gbàgbé wa."

Ẹ̀kẹfà ló wá dé. "Obìnrin kan di ọwọ́ mi mú lọ́jà ní Barking. Ọkọ rẹ̀ ti ń padà kọ́ bí a ti ń sọ̀rọ̀. Ṣé olórí ìjọba á jẹ́ kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lẹ́nu?"

Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ti bọ́ sílẹ̀ lórí ìjókòó. Ó kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ẹ ṣeun o! Ẹ ṣeun! Ẹ ò ní wá olùgbèjà tì láyé!"

Mo gbé! Àwọn oníkóòtù dúdú ti dé. Olórí ìjọba ń dìde nísàlẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé tábìlì, ó la ẹnu. Wọ́n ti mú wa jáde.

"Ta ló rán yín wá ṣe ìwọ́de?" Ọkùnrin tó sọ òfin fún wa ló ń bèèrè.

"Ìwọ́de kọ́ o, sà. Ọpẹ́ ló ń dú. Nílé wa, a kì í jókòó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá wa rojọ́."

"Wọ́n ní kí n má dìde," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ṣé mo dìde ni? Mo kúnlẹ̀."

Ojú ọkùnrin náà rọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ní òfin lòfin, a ò lè padà wọlé. Mo bi í pé kí ni olórí ìjọba fi fèsì. "Ẹ̀yin ni mò ń mú jáde, mà. Mi ò gbọ́."

Inú bí mi, n ò purọ́. Láti ìdájí! Mo fa fóònù yọ, ẹ̀gbọ́n mi gbá ọwọ́ mi mú. "Má wò ó. Bó bá burú, iwájú ọkọ mi ni mo fẹ́ ti gbọ́ ọ." Nínú ọkọ̀, ó ń ka Sáàmù láìgbóhùn sókè. Nígbà tá a kọjá West Ham, ó rọra ní, "Àbí ìkúnlẹ̀ mi ló máa bà á jẹ́?" Ìbínú mi rọlẹ̀. Mo ní rárá o, kò lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń ba èmi náà.

Dúpẹ́, ọmọ wọn, ló ṣílẹ̀kùn. "Mọ́mì, Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí. Dádì ò gbà kí n sọ ọ́. Àwọn fúnra wọn ló fẹ́ sọ ọ́."

Bọ̀dá jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì lọ́jọ́ náà. Ẹnu Bọ̀dá gbọ̀n, òógùn bò ó.

"Wọ́n... bi í."

"Ẹn-ẹn? Kí ló wá sọ?"

"Ó... sọ̀rọ̀... sọ̀rọ̀... sọ̀rọ̀." Ó mí kanlẹ̀. "Kò... dá... hùn."

Òótọ́ ni. Dúpẹ́ ní olórí ìjọba ka gbogbo nǹkan rere tó ti ṣe, ó ka àṣìṣe àwọn tó jẹ ṣáájú, ó jókòó, àwọn èèyàn rẹ̀ sì hó yèè. Kò dárúkọ ilé ìtọ́jú náà rárá.

Ẹ̀yin ará ilé, n ò ní bú wọn. Ìlú tí èèyàn ti lè nàka sí olórí ìjọba lójú, kó sì sùn sílé rẹ̀ lálẹ́, ìlú gidi ni. Ṣùgbọ́n mo ti rí i pé wọ́n lè bi èèyàn níwájú gbogbo ayé, kó sọ̀rọ̀ títí ẹnu rẹ̀ á fi bó, kó má sì dáhùn.

Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́kún. Bọ̀dá gbé ọwọ́ òsì lé e lórí.

"Ọjọ́rú," ló wí.

"Ọjọ́rú wo?"

"Tó... ń bọ̀. Ẹ gbé mi... lọ. Èmi... ni n ó... bi í."

Láti ọjọ́ tí àìsàn náà ti dé, ọ̀rọ̀ tó gùn jù lọ tó tíì sọ nìyẹn.