Òjé Ẹ̀yìnkùlé Wa

Ọdún kan náà ni èmi àti ìyàwó àbúrò ọkọ mi wọlé ọkọ ní Awoyaya. Kí ọdún kẹrin tó pé, ó ti bí ọmọ méjì. Oyún mẹ́ta ló bàjẹ́ lára èmi. Yàrá wa kọjú síra. Bó bá ní, "Àǹtí mi, ẹ bá mi gbé e díẹ̀," màá ní ọwọ́ mi dí. Mo jowú rẹ̀ débi pé mi ò fẹ́ rí aṣọ ọmọ tó bá sá sórí okùn.

Bátìrì ọkọ̀ tó ti kú ni ọkọ mi ń rà. Ẹ̀yìnkùlé ló ti ń là wọ́n, tó ń yọ́ òjé inú wọn lórí iná. Èmi ni mò ń fọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

Dókítà obìnrin kan ní Ajah ló bi mí pé, "Iṣẹ́ wo ni ọkọ yín ń ṣe?" Ẹnikẹ́ni ò bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní kí àwa méjèèjì wá yẹ ẹ̀jẹ̀ wa wò. Òjé kún inú ẹ̀jẹ̀ àwa méjèèjì. Ó ní òjé máa ń ba àtọ̀ ọkùnrin jẹ́, ó sì lè ba oyún jẹ́. Kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé òjé ló fa tèmi.

"Ẹ dá iṣẹ́ yẹn dúró. Ṣé ọmọdé wà nínú ilé? Àwọn ló máa ń ṣe ní jàǹbá jù."

Mo rántí ọmọ ìyàwó àbúrò ọkọ mi, ọmọ ọdún méjì tó máa ń fi iyanrìn ẹ̀yìnkùlé ṣeré. Mo ní, "Rárá, mà."

Ọjọ́ méjì ni mo fi dákẹ́. Ọkàn mi ń sọ pé kí ìyá rẹ̀ náà tọ́ díẹ̀ wò. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, mo rí ọmọ náà tó ń lá ọwọ́ tó fi wa iyanrìn. Mo sáré gbé e. Ó gbórí lé mi léjìká. Mo gbé e lọ bá ìyá rẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀.

"Àǹtí, ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Ìjẹta."

Ó gba ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Òjé wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà, àmọ́ kò tíì pọ̀. Àbúrò ọkọ mi àti ìyàwó rẹ̀ kó lọ sí Ikate. Bátìrì tuntun ni ọkọ mi ń tà báyìí, òjé ara wa sì ti ń lọ sílẹ̀. Mi ò tíì lóyún. Lóṣù tó kọjá, ìyàwó bí ìkẹta. Owú gún mi láyà bíi ti tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ mo lọ kí i. Ó wò mí títí kó tó gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́. Mi ò pẹ́ níbẹ̀.