Ògiri Bàbá Mi àti Yìnyín Tó Ń Rìn

Ní àwọn ọdún 1990, tí mo bá ti wálé sí Bẹyẹrunkà báyìí, ohun tí bàbá mi máa kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Yìnyín ẹ ńkọ́? Ṣé ó ti rìn débì kan?" Á wá rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Tẹ́lọ̀ ni. Kò yé e bí wọ́n ṣe ń sanwó fún ọmọ òun nílẹ̀ òyìnbó kó lè máa ṣọ́ yìnyín tí kò lẹ́sẹ̀.

Mo ṣàlàyé títí ó fi sú mi. Sátẹ́láìtì á gba òkè kọjá, á fi rédà, ẹ̀rọ tó ń ta ìgbì tó sì ń gbà á padà, ya àwòrán yìnyín tó bo ilẹ̀ lọ salalu. Tó bá padà dé, á tún un yà, a ó wá fi àwòrán méjèèjì wéra ká lè mọ bí yìnyín ṣe rìn tó.

"Kì í tàn yín?"

"Ó ń tàn wá dáadáa, Bàbá."

Bí ọ̀rinrin bá pọ̀ lójú ọ̀run, á fa ìgbì rédà sẹ́yìn díẹ̀, a ó rò pé yìnyín ló rìn. Bí ojú yìnyín bá yọ́, àwòrán méjèèjì ò ní bára mu mọ́. Èyí tó burú jù ni ká lọ fi nǹkan tí òun náà ń rìn ṣe òdiwọ̀n. Àpáta tí kì í kúrò lójú kan là ń wá.

Lọ́dún kan, mo bá bàbá àti ìyá mi lẹ́nu ìjà. Yàrá tí wọ́n sin ìyá bàbá mi sí ni bàbá mi ń sùn, ògiri amọ̀ ibẹ̀ sì ti lanu. Ìyá mi ní kó jáde kí òjò tó dé. Bàbá mi ní òun ò ní fi ìyá òun sílẹ̀. Ó na téèpù ìránṣọ rẹ̀ sí mi.

"Láti èèṣí ni mo ti ń wọ̀n ọ́n, láti ara òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò yẹ̀ rárá."

Mo so òkúta mọ́ okùn, mo fi kọ́ orí òpó náà. Òkúta náà jìnnà sí ìdí òpó: òpó ti fì síta.

"Bàbá, òpó yìí náà ń lọ. Òun àti ògiri jọ ń lọ ni."

Ó wo okùn náà pẹ́. Kò rẹ́rìn-ín, àánú rẹ̀ sì ṣe mí. Nígbà tó yá, ó ká ẹní rẹ̀, ó fọwọ́ kan ilẹ̀ yàrá náà.

"Ìyá mi, ẹ má bínú. Ọmọ tó ń ṣọ́ yìnyín ló lé mi jáde."

Ó yíjú sí mi. "Ìyá ẹ ní mi ò yí padà rárá látìgbà tó ti fẹ́ mi. Àwa náà jọ ń lọ ni, àbí?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ó ṣíwájú mi lọ sí pálọ̀ pẹ̀lú ẹní rẹ̀, mo sì rí i pé ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ ju bí mo ṣe fi í sílẹ̀ lọ. Mi ò sọ fún un.