Ẹ̀rọ Ìlọta Tí Kò Ṣeé Tú

Ọmọkùnrin àbúrò mi obìnrin ló ṣe ẹ̀rọ náà. Ilé mi ní Ṣàngó ló ti kàwé jáde, èmi sì ni mo kọ́kọ́ fi owó ìfẹ̀yìntì mi sínú iṣẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe torí ẹbí nìkan. Ẹ̀rọ ìlọta tó ń fi agbára oòrùn ṣiṣẹ́ ni: kì í pariwo, kì í rú èéfín, ata tó bá lọ̀ kì í rùn bẹ́tiróòlù. Ọjọ́ tí mo fi ata rẹ̀ se ọbẹ̀ ni mo pe ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ ṣe tíṣà, àti Alájì kan tó ń ta ọkà ní ọjà Ipata, pé kí wọ́n wá dá owó sí i. Wọ́n dá a.

Ó dáa ju gbogbo èyí tó wà lọ́jà lọ. Mo ṣì lè búra bẹ́ẹ̀ lónìí. Àmọ́ àwọn alọta ò rà á.

Mo bẹ obìnrin alọta kan ní Ipata kó gba ọ̀kan. Ó gbà á torí mi. Kò pẹ́ tí nǹkan há sí i nínú. Mẹkáníìkì rẹ̀ yí i po, kò ríbi ṣí i. Ọmọ wa ti jó ẹnu irin rẹ̀ pọ̀. Àfi kí òun fúnra rẹ̀ wá láti Malete, níbi tó ti ń ṣe wọ́n. Oníbàárà kì í sì í dúró de alọta.

Ni àwa mẹ́ta tá a dáwó bá pe ọmọ wa jókòó ní pálọ̀ mi.

Alájì ní, "Wàláhì, ẹ̀rọ ẹ dáa. Jẹ́ kó ṣeé tú ni wọ́n ń wí."

"Tó bá ṣeé tú, Alájì, wọ́n á jí iṣẹ́ mi ṣe."

"Ta ló máa jí ohun tí ẹnikẹ́ni ò rà?"

Ọmọ wa dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú mi. "Màmá, mo ti gbọ́. Èyí tí màá ṣe báyìí, mẹkáníìkì yòówù á lè tú u. Ẹ ràn mí lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i."

Alájì ò fẹ́. Èmi ni mo dúró fún un, a sì tún dáwó.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, fọ́tò kan wọlé sórí fóònù mi: ọmọ wa ní Àbújá, ó wọ kóòtù, ó di àmì-ẹ̀yẹ mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tuntun tó ń dán gbinrin. Mo fa fọ́tò náà tóbi, mo ń wá bóòtù kan ṣoṣo tí mẹkáníìkì lè tú lára rẹ̀. Kò sí. Mo pè é.

"Màmá, ẹ bá mi yọ̀! Àwa la gba ipò kìíní nínú ìdíje!"

"Èyí tó o ṣèlérí fún Ipata ńkọ́?"

"Màmá, ẹ̀rọ mi ò lẹ́bi. Àwọn ará ọjà ni ò mọ ohun tó dáa."

Ìyá rẹ̀ ló padà jẹ́ kí n mọ̀ pé ó ti forúkọ sílẹ̀ fún ìdíje yẹn kó tó wá dọ̀bálẹ̀ nílé mi. Èyí ló dùn mí dé egungun. Ó ti mọ ohun tó fẹ́ fowó wa ṣe, ó sì jẹ́ kí n máa bá òun bẹ Alájì.

Owó wa ti tán, iṣẹ́ náà sì ti kógbá sílé. Mo lọ bá Alájì nídìí ọkà rẹ̀ láti fẹnu ara mi sọ ọ́ fún un. Ó gbọ́ mi tán, kò bínú.

"Tíṣà," ó ní, "mi ò mọ ọmọ yẹn tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin ni mo gbà gbọ́."

Oníbàárà kan dé, Alájì sì yíjú sí i.